Kọ́láàjì ní Harlem: ṣé iṣẹ́ ọnà ni, àbí ìgé-bébà lásán?

Ará_Bronx kọ:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan dá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pọ̀ lórí fóònù lánàá, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá, gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wálé. Wọ́n ní kí wọ́n wo àwòrán kan tó ń jẹ́ The Block, tí Romare Bearden, ayàwòrán dúdú ará Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1971, kí kálukú wá gé bébà, kó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ (kọ́láàjì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀), kó fi ṣe àwòrán àdúgbò tirẹ̀. Metropolitan Museum tó wà níbí ní New York ló ni àwòrán yẹn, a sì jọ wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ojú pópó kan ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú níbí, ni. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run wà níbẹ̀, ìsọ̀ kékeré wà ní kọ́nà, àwọn èèyàn sì dúró síta. Ó tún gé ògiri kúrò níbòmíràn, kí èèyàn lè yọjú wo ẹni tó wà nínú yàrá. Orí ẹnìkan ju ara rẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹlòmíràn dà bí ọwọ́ òmìrán. Mi ò kọ́ iṣẹ́ ọnà níbì kankan o, ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi l'Ábẹ́òkúta ní tàwọn tí ò mọ àwòrán yà nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí ò lè ya ọwọ́ ló ń gé ọwọ́ nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n tún bi mí bóyá nítorí ìgé-bébà ni mo ṣe kó ọmọ wá sí Amẹ́ríkà. Èsì ò sí lẹ́nu mi. Ta ló mọ̀ nípa kọ́láàjì yìí, pàápàá ti Harlem?

Àlùmọ́gàjí kọ:

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé wọ́n gbé e gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Bearden mọ àwòrán yà. Bí ọgbọ̀n ọdún ló fi ń ya àwòrán kó tó gbájú mọ́ bébà àti gọ́ọ̀mù. Ó ti ya kàtúùnù fún ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó tún jókòó lábẹ́ George Grosz ní Art Students League ní New York, ará Jámánì tó kó wá sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1933 tí Hitler gbàjọba. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ Grosz rí mọ̀ pé ọwọ́ yíyà kọ́ ni ìṣòro ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Charlotte ní North Carolina ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1911. Ó ṣì kéré gan-an nígbà táwọn òbí rẹ̀ gbé e wá sí New York, nígbà tí àwọn dúdú ń sá fún ìyà apá Gúúsù orílẹ̀-èdè yẹn. Bessye, ìyá rẹ̀, akọ̀ròyìn ni, èèyàn ìlú sì ni. Àlejò kì í gbẹ nílé wọn ní Harlem: Duke Ellington ń wọlé, Langston Hughes ń jáde. Síbẹ̀ iṣẹ́ ọnà ò bọ́ ọ. Iṣẹ́ ìlú ló ń ṣe, ó ń bẹ àwọn aláìní wò láti ilé dé ilé nítorí owó ìrànlọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ló ń rí fi yàwòrán. Nígbà tí àfihàn kọ́láàjì rẹ̀ kọ́kọ́ wáyé lọ́dún 1964, ẹni ọdún 53 ni. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá ọ̀lẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́dún 1963, nígbà tí wọ́n ń múra ìwọ́de ńlá ti Washington fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, àwọn ayàwòrán dúdú bíi mélòó kan kó ara wọn jọ sí yàrá iṣẹ́ Bearden ní Canal Street. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí ayàwòrán ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ dúdú. Spiral ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Hale Woodruff, Norman Lewis àti Charles Alston wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, Emma Amos wọlé, òun nìkan sì ni obìnrin láàrin wọn. Bearden ti gé àwòrán jọ látinú ìwé ìròyìn, ó ní kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kó di iṣẹ́ àjọṣe. Wọn ò dá a lóhùn. Òun nìkan ló bá a lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe kéré, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju bébà táíbù lọ. Reginald Gammon, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ló ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ sọ wọ́n di ńlá, ní dúdú àti funfun. Arne Ekstrom tó ni gálárì rí wọn, ó ní òun fẹ́ wọn fún àfihàn. Projections ni wọ́n pè é, ní October 1964. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bearden wá ń fi bébà aláwọ̀ àti aṣọ kún un, ó sì ń tóbi sí i. The Block tí ọmọ yín wò yẹn, pákó pẹlẹbẹ mẹ́fà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ bàtà 18 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gíga.

Onífọ́tò_Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá mi ya fọ́tò ní Òkè-Àdó fún ogójì ọdún, èmi náà sì jẹun níbẹ̀. Ohun tí ẹ ń pè ní kọ́láàjì yìí, à ń ṣe é, a ò kàn fún un lórúkọ ni.

Ẹgbẹ́ á wá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ àlùmọ́náákì ọdún tuntun. Èèyàn ogún! Ọjọ́ wo ni gbogbo wọn máa wà nílé pọ̀? Olúkúlùkù á wá ya tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ráyè. Bàbá mi á fi abẹ gé orí wọn, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n sórí páálí funfun, alága láàrin, akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wá fi kámẹ́rà ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún kan wà tí abẹ yẹ̀, ó gé etí akápò dànù. Bàbá mi fi pẹ́ńsù ya etí mìíràn sí i. Akápò gbé àlùmọ́náákì kọ́ sí pálọ̀, kò mọ̀ títí tó fi kú.

Ti ìbejì tún wà. Bí ọ̀kan bá ti padà lẹ́yìn èkejì kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan ṣoṣo, bíi pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, ọmọ kan náà ló máa wọ aṣọ ọkùnrin, kó tó tún wọ tobìnrin.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó o, nínú tiwa, ẹni tó mọṣẹ́ ni ẹni tí ojú àlẹ̀ rẹ̀ ò hàn. Bí wọ́n bá rí ibi tí o lẹ̀, o ti tẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin Harlem yìí ò fi tirẹ̀ pa mọ́. Mo ti wo àwòrán náà báyìí, mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ibi tí abẹ gbà hàn ketekete. Ìyẹn ló ṣe mí ní kàyéfì.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: ará Harlem kan dé ọ̀dọ̀ wa. Jacob Lawrence ni. Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn àti l'Ékòó lọ́dún 1962, ó sì tún padà wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lọ́dún 1964, wọ́n lo bí oṣù mẹ́jọ ní Nàìjíríà. Ọ̀dà lòun fi ń ya tirẹ̀ ní o, kì í lẹ̀ bébà. Ṣùgbọ́n òun àti Bearden ti jọ ní yàrá iṣẹ́ nínú ilé kan náà rí ní òpópónà 125.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Berlin kọ:

Mo júbà ẹ̀yin àgbà. Bàbá, ẹ̀rín etí akápò ò jẹ́ kí n rójú ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Grosz tí ẹ̀gbọ́n wa Àlùmọ́gàjí mú wá ni mo fẹ́ bá wí, torí ìlú tí mò ń gbé ló ti wá. Kì í ṣe Berlin ló kọ́kọ́ lẹ̀ nǹkan sórí àwòrán. Ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1912, Picasso tó jẹ́ ayàwòrán lẹ̀ aṣọ onírọ́bà tó ní àwòrán ìjókòó alágbọ̀n sórí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi okùn yí i ká. Lọ́dún yẹn náà ni Braque, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ń lẹ bébà ara ògiri mọ́ tirẹ̀. Èdè Faransé ni kọ́láàjì ti wá, lílẹ̀ náà ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Berlin ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjà. Ogun Àgbáyé Kìíní ti tán, Kaiser, ọba Jámánì, ti lọ, ebi ń pa ìlú, ìwé ìròyìn alárọ̀ọ́wọ́tó tó kún fún fọ́tò sì ń jáde lọ́tùn-ún lósì. Grosz, John Heartfield, Raoul Hausmann àti Hannah Höch wà nínú ẹgbẹ́ Dada, àwọn ayàwòrán tó ń fi ogun àti àwọn aláṣẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Höch ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Ullstein, ilé ìtẹ̀wé ńlá níbí, ó ń ya àpẹẹrẹ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti okùn fún ìwé ìròyìn àwọn obìnrin. Àwọn ìwé yẹn náà ló ń gé. Nígbà àfihàn Dada ńlá tí wọ́n ṣe lọ́dún 1920, ó gbé kọ́láàjì kan kalẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ gùn bí ọdún méje, tó sọ pé ọ̀bẹ ìdáná lòun fi gé ikùn bíà ilẹ̀ Jámánì já. Orí àwọn olóṣèlú ń bẹ lórí ara àwọn oníjó, táyà ọkọ̀ àti irin ẹ̀rọ wà láàrin wọn. Ilé ọnà ìjọba níbí ló ni ín báyìí.

Ibi tí èrò náà ti wá ló bá ti bàbá wa mu. Lọ́dún 1918, Höch àti Hausmann lọ síbi ìsinmi létí òkun Baltic, wọ́n rí i pé nínú ilé àwọn èèyàn ibẹ̀, àwòrán ológun kan náà ló wà lára ògiri gbogbo wọn. Wọ́n ti tẹ aṣọ ogun àti ìbọn sílẹ̀, orí ọmọ onílé ni wọ́n kàn gé lẹ̀ síbi tí orí yẹ kó wà. Àlùmọ́náákì Òkè-Àdó gan-an!

Nígbà tí àwọn Nazi dé, Höch kò sá lọ. Ó ra ilé kékeré kan sí Heiligensee lẹ́yìn odi ìlú, ó sì fi gbogbo iṣẹ́ Dada pa mọ́ síbẹ̀. Grosz ti lọ sí New York ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin Harlem kan ti bá a.

Kò_Kàn_Mí kọ:

Mo ń bá yín bọ̀ látòkè, ìbéèrè méjì ni mo ní. Èkíní, mo wo iṣẹ́ Höch tí ọmọ Ìjẹ̀bú sọ, ère àwa aláwọ̀ dúdú ló gé sórí ara àwọn obìnrin òyìnbó. Mo wo ti Bearden, ìyẹn náà gé ojú ère àti ìbòjú Áfíríkà mọ́ ojú èèyàn. Kí ló yàtọ̀? Èkejì, ẹni tó ya fọ́tò tí wọ́n gé ńkọ́? Bí mo bá gé aṣọ ẹlòmíràn rán agbádá, ṣé agbádá mi nìyẹn?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Berlin kọ:

Ìbéèrè gidi ni. Òótọ́ ni ti Höch, ó ṣe ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan láti nǹkan bí 1924 tó fi fọ́tò àwọn ère inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe. Àwọn kan ní ṣe ló ń fi àwọn òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́, bí wọ́n ṣe ń wo obìnrin bí ẹni ń wo ère nínú gíláàsì. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ère yẹn fúnra rẹ̀ kò ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun èlò lásán ló jẹ́ fún un.

Ti Bearden, ìyá tó ń ṣe oúnjẹ àti ọkùnrin tó ta gìtá lẹ́bàá ọ̀nà ló gbé ojú ère lé. Ìbátan ni. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ojú bàbá ńlá yín wà lójú yín, ṣé ẹ máa bínú?

Kò_Kàn_Mí kọ:

Ó sinmi lórí irú bàbá ńlá tó jẹ́. Ẹ dá mi lóhùn èkejì.

Àlùmọ́gàjí kọ:

Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn. Ilé ẹjọ́ ní New York fúnra wọn ti sọ ohun méjì. Jeff Koons, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà kan, fi fọ́tò ẹlòmíràn ṣe ère, wọ́n dá a lẹ́bi lọ́dún 1992. Ó tún mú ẹsẹ̀ obìnrin kan látinú fọ́tò ìwé ìròyìn, ó kó o mọ́ àwọn nǹkan mìíràn nínú àwòrán ńlá, wọ́n dá a láre lọ́dún 2006. Èkejì yẹn ti di nǹkan ọ̀tọ̀, ohun tí wọ́n rí nìyẹn. Agbádá tí ẹ sọ yẹn, bí ẹ bá jí i odindi, olè ni yín. Bí ẹ bá gba ẹ̀rún rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀ ogójì, tí ẹ fi rán aṣọ egúngún, ta ló máa wá bèèrè ẹ̀rún tirẹ̀ lára egúngún?

Ẹ sì má jẹ́ kó dà bíi pé Bearden nìkan ló wà ní New York. Joseph Cornell wà ní Queens, ní Utopia Parkway, ó ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá, ó ń to bébà àti ìgò kéékèèké sínú àpótí onígíláàsì. Láyé tiwa yìí, Wangechi Mutu, ọmọ Kenya tó ń ṣiṣẹ́ ní New York àti Nairobi, gé àwòrán kókó inú ara látinú ìwé àwọn dókítà àtijọ́, ó fi ẹnu àti ojú àwọn obìnrin inú ìwé oge lé e. Èmi ò lè gbé e kọ́ sí yàrá mi o, ẹ̀rù á bà mí lóru. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè sọ ohun tó sọ yẹn.

Ará_Bronx kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àmọ́ iṣẹ́ ti wá kù sí wa lọ́wọ́ báyìí. A gé, a lẹ̀, bébà ń wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ó ká kò. Ọmọ ti ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n Àlùmọ́gàjí, ẹ gbà wá.

Àlùmọ́gàjí kọ:

Gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù ni, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán. Ẹ wá páálí tó le. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé etí, kì í ṣe àárín nìkan. Ẹ gbé e lé e, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sétí kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ gbé ìwé ńlá lé e lórí di àárọ̀. Bí páálí bá tún fẹ́ ká, ẹ lẹ bébà mìíràn sẹ́yìn rẹ̀, kí méjèèjì máa fà á dọ́gba.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn. Bearden fúnra rẹ̀, bébà aláwọ̀ onígun mẹ́rin ló kọ́kọ́ máa ń tò sílẹ̀, tí wọ́n dúró ṣánṣán bá etí pákó mu, kó tó wá gbé orí àti ọwọ́ lé wọn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan tó rí wúruwùru yẹn ò fi wó. Ó kọ́ ọ̀kan lọ́dọ̀ ará Ṣáínà kan tó mọ iṣẹ́ ọnà ìkọ̀wé: kí èèyàn fi igun kan sílẹ̀ láìdí i, kí ẹni tó ń wò ó lè ríbi wọlé.

Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Stuart Davis tún sọ fún un pé kó lọ máa gbọ́ dùùrù Earl Hines, kó má gbọ́ orin o, kó máa gbọ́ àlàfo tó wà láàrin ohùn kan sí èkejì. Bàbá onífọ́tò, ẹ̀yin lẹ bèèrè ìdí tí kò fi pa ojú àlẹ̀ mọ́. Èmi rò pé ibẹ̀ ni. Onílù tó bá ń lù láìdánu dúró, ta ló máa gbọ́ ohun tó ń wí?

Onífọ́tò_Ìbàdàn kọ:

Ó yé mi wàyí. Èmi á tún fi kan kún un: ẹni tí wọ́n lé kúrò ní Gúúsù, tó wá ń gbé Harlem, ara òun náà ti já sí méjì. Bí o bá lẹ̀ ẹ́ tí kò hàn, irọ́ lo pa.

Gọ́ọ̀mù òyìnbó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ gbígbóná lèmi fi lẹ ìwé nígbà tí mo wà ní pírámárì. Eku ló jẹ ẹ́.

Ará_Bronx kọ:

Ìròyìn dé. Ó ti gbẹ, kò ká mọ́.

Ọmọ mi fi bébà pupa rúsúrúsú ṣe ilé wa, ó gé fèrèsé mẹ́sàn-án sí i. Ìwé ìpolówó súpámákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ọ̀nà wa ló gé jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú rẹ̀ ló fi ṣe òṣùpá. Ó gé fọ́tò èmi náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kéré lójú rẹ̀, ló bá wá ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń polówó ìfọsọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi léjìká. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ìwọ lo máa ń gbé gbogbo nǹkan." Igun òsì nísàlẹ̀, kò lẹ ohunkóhun síbẹ̀, torí mo ti ka ọ̀rọ̀ ará Ṣáínà yẹn sí i létí.

Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi l'Ábẹ́òkúta lórí WhatsApp. Wọn ò fèsì fún wákàtí méjì. Nígbà tí wọ́n máa pè, wọn ò kí mi, wọn ò sọ ti iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní, "Èmi dà níbẹ̀?" Mo ní àdúgbò wa ní Bronx ni, wọn ò gbé ibẹ̀. Wọ́n ní ṣé òṣùpá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń gbé Bronx ni.

Wọ́n ti fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ báyìí, wọ́n wọ agbádá. Wọ́n ní kí ọmọ gé èyí tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó má gé fìlà àwọn o.